Alùpùpù Tó Ń Kú Lọ́nà Adó-Àwáyè

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ìṣẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà dùn ún gbà lọ́sàn-án. Òkè ńlá tí adágún Ìyàkẹ̀ wà lórí rẹ̀ yóò máa yọ sí èèyàn lókèèrè, oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo yóò sì tò lọ bẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, tí èèyàn kò rí ohun tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀, kò sí ewé tó máa mì nínú igbó tí àyà rẹ̀ kò ní já, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tó gba ẹnu gbogbo ayé kan lóde òní. Ibẹ̀ gan-an ni alùpùpù Bàbá Tíṣà yàn láti máa kú sí lọ́dún 2024, tòun ti ìyàwó rẹ̀ àti àpò ata lẹ́yìn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyí. Alùpùpù náà yóò jí láàárọ̀ kùtù láìjanpata, gbígbá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wọn yóò jáde nílùú, wọn yóò kọjá ilé tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ yóò sì máa dún geere. Kò ní pẹ́ tí agbára yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lára rẹ̀. Yóò ṣe bí ẹni fẹ́ wúkọ́, yóò sáré díẹ̀, yóò tún fà sẹ́yìn; bí Bàbá bá sì fún un níná sí i, ńṣe ni yóò kú fin-ín. Bàbá yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣí táǹkì, yóò yọjú wo inú rẹ̀, yóò rí i pé epo wà níbẹ̀. Yóò dé e padà, yóò mi alùpùpù náà sọ́tùn-ún sósì, yóò gbá a, yóò sì jí! Inú tọkọtìyàwó yóò dùn, wọn yóò máa lọ, àfi bó bá tún rìn díẹ̀ sí i tó tún kú. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà ti mọ̀ wọ́n débi pé, bó bá ti gbọ́ ohùn alùpùpù náà lókèèrè, ó ti ń nu ìjókòó dè wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kú kí wọ́n tó délé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá nígbà tí wọ́n wọ Ìṣẹ́yìn. Màmá kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àwọn ará àdúgbò kan ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, pé kí Tíṣà lọ wádìí ẹni tó ń bá òun jà.

Alùpùpù ọ̀hún kì í ṣe ọmọdé. Honda CG125 ni. Ọdún 1988 ni Tíṣà rà á, nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àyálò tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ ló sì fi rà á. Àwọn ará Japan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún: ẹni tí yóò gùn ún lórí ilẹ̀ eléruku, tí yóò di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ sẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì ní rántí pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó gbé ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé. Ó gbé ìyá Tíṣà lọ sí ọsibítù ní ọ̀gànjọ́ òru. Láti ìgbà tí Tíṣà sì ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń gbé tọkọtaya náà lọ sóko. Bí kò bá sí i, ọlọ́kadà ni wọn yóò máa wọ̀. Ta ni yóò sì wọ ọlọ́kadà lọ sóko lójoojúmọ́ nírú àkókò yìí? Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, ó di nǹkan bíi ₦500, ó sì kọjá ₦1,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Owó àlọ àti àbọ̀ ti fẹ́ẹ̀ gbé gbogbo èrè ata mì. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá wo alùpùpù náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí Bàbá dá iye.

Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, ọmọ ilé ìwé Tíṣà ni nígbà kan rí. Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì karùn-ún, "Sà" ló sì ṣì ń pè é títí dòní, àní lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tú púlọ́ọ̀gì, ó sì gbé e sínú oòrùn wò. Ó yẹ kí ẹni tó bá ní alùpùpù àtijọ́ mọ ohun tí púlọ́ọ̀gì ń wí. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Ó lè jẹ́ fómù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ló dí, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé ṣóòkù sílẹ̀. Bó bá tutù, tó ń rùn fún bẹntiróòlù, epo dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí iná tí yóò jó o. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo ẹ̀pà, ara alùpùpù le. Èyí tí wọ́n tú lára ti Tíṣà funfun bí eérú. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé epo kò tó, mẹkáníìkì náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ibi tó ti lọ wá epo ọ̀hún ló ṣì í lọ́nà.

Inú kábúrétọ̀ ló lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ó tú abọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó bá ìpẹtà níbẹ̀, pupa bí ilẹ̀ ikán, pẹ̀lú ẹ̀kán omi bíi mélòó kan tó ń yí kiri lábẹ́ epo bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó pe Tíṣà kó wá wò ó. Ta ni yóò rí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà pé ohun tó ń pa alùpùpù òun nìyẹn? Bẹ́ẹ̀, kò sí kábúrétọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èèyàn yóò tú tí kò ní bá nǹkan níbẹ̀. Táǹkì irin tí epo rẹ̀ kò kún máa ń làágùn sínú lóru. Epo tí wọ́n ń tà fún wa pàápàá kì í fìgbà gbogbo mọ́: ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ fúnra wọn jẹ́wọ́ pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ọjà, methanol sì jẹ́ ohun tó máa ń fa omi mọ́ra, tó tún lè ba rọ́bà jẹ́. Nítorí náà, ìdọ̀tí wà nínú kábúrétọ̀ Tíṣà lóòótọ́. Àìsàn tó ń ṣe alùpùpù rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ọmọkùnrin náà mọṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò mọ̀ ọ́n. Kò fi wáyà gún ojú jẹ́ẹ̀tì bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ihò kékeré náà ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà bá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, epo yóò máa gba ibẹ̀ kọjá òṣùwọ̀n títí ayé. Bẹntiróòlù ló rẹ ẹ́ sí, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ títí tó fi lè rí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò náà kọjá. Ó yẹ fílóòtì wò, ìyẹn ohun kékeré tó ń léfòó nínú abọ́ náà, tó máa ń ti abẹ́rẹ́ sókè láti dí ọ̀nà epo bí epo bá ti tó, tó sì máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ṣí bí epo bá ti lọ sílẹ̀. Kò lu, kò há. Ó dè é padà, Tíṣà san ₦5,000. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gun alùpùpù náà káàkiri ìgboro tí kò kú. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú lọ́nà Adó.

Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà. Wọ́n tú tápù epo, wọ́n fọ asẹ́ inú rẹ̀. Ó kú. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹsàn-án, ọmọkùnrin náà ní kí àwọn ra kábúrétọ̀ tuntun, ₦18,000 ni Tíṣà sì kó lélẹ̀, lára owó tó yẹ kó fi ra oògùn èfúùfù rẹ̀ àti oúnjẹ adìẹ. Ọjọ́ kẹrin ni kábúrétọ̀ tuntun náà fi pé tí Tíṣà ti alùpùpù rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò ó. Àwọn ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà bíi mẹ́fà wà níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́.

"Olè ni ọ́! Èmi kọ́ ọ ní ìṣirò, o wá ń fi ṣírò owó mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì náà kò fèsì. Ó wọlé, ó mú kábúrétọ̀ àtijọ́ jáde nínú páálí tó tọ́jú rẹ̀ sí, ó tú tuntun kúrò, ó de ti àtijọ́ padà, ó ka ₦18,000 lé Tíṣà lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹ má bínú, sà, ó ti kọjá agbára mi."

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò fi kí ara wọn. Tíṣà gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn kò tilẹ̀ gbọ́ àlàyé tán tó fi ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, pé àfi kí àwọn tú u palẹ̀. Owó tó dá lé e ju iye tí àwọn onírin àlòkù fẹ́ san lọ. Ọ̀rọ̀ títà bẹ̀rẹ̀. Màmá ni kò fara mọ́ ọn. Láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó mú ata díẹ̀ sínú ike, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin náà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló wá. Kò mú sípánà kankan dání. Ó dọ̀bálẹ̀, Tíṣà dáhùn bí ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Ó jókòó, ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí òun ti béèrè láti oṣù kẹjọ.

"Ṣé tí táǹkì bá kún ló máa ń pẹ́ kó tó kú, sà, àbí tí epo bá ti fẹ́ tán?"

Tíṣà ń wo ìta. Màmá ló dáhùn. "Ọjọ́ tí bàbá rẹ bá ra epo kún dẹ́nu ló máa ń tètè yọ wá lẹ́nu. Tí epo ò bá fẹ́ẹ̀ sí mọ́, a máa ń rìn jìnnà díẹ̀."

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. "Tó bá wá kú, Màmá, kí ni wọ́n máa ń ṣe kó tó jí?"

"Wọn á ṣí táǹkì wo epo."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà."

"Kò sí ọjọ́ kan tó jí tí wọn ò ṣí i?"

Tíṣà yí ojú padà sí wọn. Ó ronú díẹ̀. "Kò sí," ló wí.

Ọmọkùnrin náà dìde. Ó bẹ Màmá kó kọ́kọ́ pa iná abẹ́ ìkòkò, ó sì ti alùpùpù náà lọ sí ìkángun àgbàlá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tàn, kò jẹ́ kí wọ́n gbé àtùpà súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fi iná ẹlẹ́là wá epo, ó lè rí i tán kó má rí ara rẹ̀ mọ́. Ó yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ ike omi tó mọ́ gaara, ó ṣí tápù. Epo da wàà. Kò pẹ́, ó fẹ́lẹ́ bí òwú. Nígbà tó yá, ó ń kán tó, tó, tó. Ó dúró. Bẹ́ẹ̀ táǹkì náà kún dé ìdajì ó lé.

"Ẹ bá mi ṣí ìdérí rẹ̀, sà."

Tíṣà yí ìdérí náà. Afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo, fììì, bí ìgbà tí èèyàn bá fa èémí lẹ́yìn tó ti pẹ́ lábẹ́ omi. Epo tún da wàà sínú ike. Tíṣà dé e padà, wọ́n dúró, epo tún fẹ́lẹ́, ó tún dúró. Ó ṣí i, ó dà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kò ju "Hẹ̀n-ẹ́n" lọ.

Ọmọkùnrin náà dojú ìdérí náà sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Rọ́bà dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gé e róbótó, ó sì bo gbogbo abẹ́ ìdérí mọ́lẹ̀, tòun ti ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Kò béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Kò sí ìdí láti béèrè. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò pọ̀, Tíṣà rí i pé wáṣà ìdérí náà ti sán, omi sì ń wọlé. Ó wá tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ibẹ̀, ó tilẹ̀ fi han Màmá bí òun ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó. Òjò kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tíúbù kì í ṣe rọ́bà epo. Bí bẹntiróòlù bá ti ń kàn án, ńṣe ni yóò máa wú. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ó ti wú dí gbogbo ibẹ̀ pátápátá.

"Sà," ọmọkùnrin náà wí, "ihò mélòó ni Màmá máa ń lù sórí agolo mílíìkì?"

"Méjì."

"Kí ni ìkejì wà fún, sà?"

Tíṣà kò dáhùn. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń béèrè nǹkan ní kíláàsì nìyẹn, ó sì mọ̀ pé ẹni tó béèrè ti mọ̀ pé ìdáhùn ti dé ẹnu òun.

Irú alùpùpù yìí kò ní ẹ̀rọ tó ń fa epo. Táǹkì wà lókè, kábúrétọ̀ wà nísàlẹ̀, epo ń fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé láti gba àyè rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, èyí tó wà nínú táǹkì yóò nà títí kò fi ní lè nà mọ́, yóò wá di epo mú lókè. Bí táǹkì bá kún dẹ́nu, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, kíá ni yóò nà tán. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀, yóò ṣe díẹ̀ kó tó dí epo lọ́wọ́. Nínú ìgboro, Tíṣà kì í rìn jìnnà kó tó dúró, afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ a sì máa yọ́ gba etí rọ́bà náà wọlé bó bá ti dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú ní ṣọ́ọ̀bù rí. Ní ti mẹkáníìkì náà, ó ti ṣí táǹkì ọ̀hún tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù méjì, kò yí ìdérí rẹ̀ padà wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ní ₦5,000 àkọ́kọ́ yẹn, òun yóò dá a padà. Tíṣà ní kò gbọdọ̀ dán an wò, pé ìdọ̀tí tó fọ̀ kì í ṣe irọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó di pé wọ́n fi wáṣà gidi síbẹ̀, èyí tó yí etí ìdérí ká tí kò bo àárín rẹ̀, Tíṣà ti dé ṣọ́ọ̀bù náà ní aago mẹ́jọ. Ó dúró títí àwọn ọlọ́kadà fi pé jọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìjà ló ń wá. Mẹ́rin nínú wọn ló rí. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ yìí níwájú yín, mo kó o jẹ. Èmi ni mo ba alùpùpù mi jẹ́. Kò jalè mi."

Mẹkáníìkì náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì, ó ń pariwo pé, "Ẹ dé fìlà yín, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé fìlà yín!" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà rọra lọ sídìí alùpùpù tirẹ̀, ó yí ìdérí táǹkì rẹ̀ padà, ó ń wo abẹ́ rẹ̀.

₦700 ni wáṣà náà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Tíṣà ra epo kún dẹ́nu, Màmá di ẹrù, wọ́n gba ọ̀nà Adó lọ. Wọ́n kọjá ibi tó ti máa ń kọ́kọ́ kú. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá alágbàdo, obìnrin náà ti nu ìjókòó, ó dìde, ó ń wo bí wọ́n ṣe fẹ́ kọjá, ó kígbe pé ṣé wọ́n ti kọ òun sílẹ̀ ni. Tíṣà dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n ra àgbàdo mẹ́rin, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n tún gorí alùpùpù, kí Bàbá tó gbá a, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìdérí táǹkì láti ṣí i wò. Màmá gbá ọwọ́ náà kúrò.